Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN MẸKÁNÍÌKÌ ÀTI ONÍMỌ́TÒ: Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Fi Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Sí Nígbà Tí A Bá Ń To Ọkọ̀ Onítọ́bò Lórí Dáínò

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí epo àti afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí a ti ń wọn èkínní mọ́ èkejì kò pọ̀ rárá. Nínú ọkọ̀ tí ó ní tọ́bò, ìwọ̀n yìí ni ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì. Bí epo bá dín sí iye tí ó yẹ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ epo dé ilẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ti tó kí orí písítìn yọ́ bí ìda, kí owó tí olówó ọkọ̀ fi ọdún púpọ̀ kó jọ sì di èéfín. Ẹni tí ń to irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò lè fi ojú rẹ̀ wo inú sílíńdà. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jùlọ láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí a fi sí ojú ọ̀nà èéfín. Bí a bá sì fi sẹ́ńsọ̀ náà sí ibi tí kò yẹ, kì í dákẹ́. Yóò máa sọ̀rọ̀ lọ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa pa. Nítorí èyí ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí a ṣàlàyé ọ̀ràn yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbá à ṣe ẹ̀yin mẹkáníìkì, ìbá à ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn irinṣẹ́ náà. Tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ń yí, tí òun náà sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì kan náà. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1905. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní, kẹ̀kẹ́ inú tọ́bò a máa yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Dáínò ní tirẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára ọkọ̀. William Froude ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ tí ń fi omi dá ẹ́ńjìnnì dúró ní ọdún 1877, fún ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Èyí tí a ń lò fún mọ́tò lónìí ní ròlà irin ńlá nínú ilẹ̀ tàbí lórí pèpéle. A ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ lé e, a ó fi okùn líle dè é mọ́lẹ̀, awakọ̀ yóò sì máa sáré lójú kan náà bí ẹni pé ó wà lójú títì. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè tún ohun kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí a sì mọ ohun tí ó yí padà.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ni ó ṣe é, ọkọ̀ Volvo tí a ń tà ní Amẹ́ríkà sì ni ó kọ́kọ́ lò ó ní ọdún 1976, nítorí òfin tí ó de èéfín ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Nínú irin rẹ̀ ni amọ̀ funfun kan wà tí a sun bí àwo tánganran, tí a ń pè ní sẹ́kóníà. Nígbà tí amọ̀ yìí bá gbóná gan-an, tí ọ́síjìn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá pọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, yóò mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí ní ọ́síjìn tí ó tó ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Èéfín ẹ́ńjìnnì kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni sẹ́ńsọ̀ ń kà.

Oríṣi méjì ni ó wà, ó sì ṣe pàtàkì kí a má ṣe pa wọ́n pọ̀. Ti àtijọ́ ń mú iná tí ó súnmọ́ fóòtì 0.9 jáde bí epo bá pọ̀ jù, ó sì ń já sí nǹkan bí 0.1 bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù. Ó lè sọ ẹ̀gbẹ́ tí a wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí a ti jìnnà tó sí àárín. Ó dàbí ọmọ tí a rán pé kí ó lọ wo omi inú àmù, tí ó padà wá wí pé omi wà, tí kò sì mọ̀ bóyá ó kún tàbí ó kù sí ìsàlẹ̀. Oríṣi kejì, tí Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní ọdún 1994, lè ka ìwọ̀n gan-an, láti ìgbà tí epo pọ̀ títí dé ìgbà tí ó kéré. Èyí ni a gbọ́dọ̀ lò lórí dáínò. Ẹni tí ó bá fi ti àtijọ́ to ọkọ̀ onítọ́bò ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú dúkìá ẹlòmíràn.

Kí pẹtiróòlù kílò kan tó lè jóná tán pátápátá, ó nílò afẹ́fẹ́ kílò 14.7. Ṣùgbọ́n nígbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú agbára, a kì í jẹ́ kí àdàlù náà rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí afẹ́fẹ́ 11.5 sí 12.5 sí epo kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọṣẹ́ ń lò nígbà tí a bá tẹ ẹsẹ̀ epo tán, nítorí epo tí ó lé náà a máa tu inú sílíńdà, kì í sì jẹ́ kí iná ibẹ̀ bú lódì, èyí tí a fi ń gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì máa kàn bí ìgbà tí a ń fi òòlù lu irin. Láti 12 sí 13.5 kò jìnnà lójú ẹni tí ń wo nọ́ńbà. Lójú písítìn, ó jìnnà.

Níbo, nígbà náà, ni kí a fi sẹ́ńsọ̀ sí?

Ibi tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹnu ẹ́ńjìnnì gan-an, kí èéfín tó dé tọ́bò, nítorí wọ́n rò pé bí a bá ti súnmọ́ orísun tó ni a ó ti rí òtítọ́ tó. Ọgbọ́n yìí dára fún ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, bí a kò bá súnmọ́ ọn jù. Nínú ọkọ̀ onítọ́bò, ó lòdì, ìdí rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ.

Èkínní ni ooru. Èéfín tí kò ì tíì kọjá tọ́bò lè gbóná ju dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 900 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe gbogbo agbára rẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú sẹ́ńsọ̀ Bosch báyìí, LSU 4.9, kò gbọdọ̀ wà nínú èéfín tí ó ju 930 lọ fún ìgbà pípẹ́. Tọ́bò a máa gba púpọ̀ nínú ooru náà fi ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé èéfín tí ó jáde ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti tutù díẹ̀.

Ìdí kejì ni ìfúnpá, òun ni a sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí òun ni ó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura. Èéfín a máa há sí àárín ẹ́ńjìnnì àti tọ́bò, ìfúnpá ibẹ̀ a sì ga ju ti ẹ̀yìn tọ́bò lọ púpọ̀. Sẹ́ńsọ̀ olówó gọbọi yìí kì í ṣe ọ́síjìn nìkan ni ó ń kà. Bí ìfúnpá bá ga, a máa sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Bí epo bá pọ̀, yóò wí pé ó pọ̀ ju bí ó ti pọ̀ lọ. Bí epo bá kéré, yóò wí pé ó kéré ju bí ó ti kéré lọ. Ẹ wá wo ohun tí èyí yóò fà lórí dáínò. Ká ní àdàlù inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ 11.8 ní tòótọ́, tí ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí sẹ́ńsọ̀ tí ó wà níwájú tọ́bò ń kà á sí 11. Ẹni tí ń to ọkọ̀ yóò wí pé epo yìí ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù títí nọ́ńbà yóò fi di 11.8 lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ yóò dùn, agbára ọkọ̀ yóò tilẹ̀ lọ sókè díẹ̀ lórí ìwé. Kò mọ̀ pé òun ti dín epo kọjá ààlà. Olówó ọkọ̀ yóò sanwó, yóò dúpẹ́, yóò sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀nà tí ó jìn, níbi tí yóò ti tẹ ẹsẹ̀ epo pẹ́ ju bí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lórí dáínò lọ.

Ìdí kẹta rọrùn. Níwájú tọ́bò, èéfín sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣì ń bọ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi lè jẹ́ pé ti sílíńdà kan ṣoṣo ni sẹ́ńsọ̀ ń kà. Kẹ̀kẹ́ tọ́bò ni ó ń po gbogbo wọn pọ̀ bí ẹni ń ro ọkà.

Àwọn kan yóò béèrè pé: ǹjẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kan kò ha ti fi sẹ́ńsọ̀ síwájú tọ́bò fúnra wọn bí? Òtítọ́ ni. Ọkọ̀ Subaru Impreza WRX tí a tà ní Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ó dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2002 ní sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti iwájú ní ibi tí èéfín kò ì tíì dé tọ́bò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ tètè gbóná ní òwúrọ̀, kí èéfín ọkọ̀ lè tètè mọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ epo tán, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kì í fetí sí sẹ́ńsọ̀ yìí mọ́. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti kọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé. Nítorí náà, sẹ́ńsọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi sí ibẹ̀ wà fún iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe fún iṣẹ́ tiwa. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ẹ sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn tọ́bò fún títo ẹ́ńjìnnì.

Ní ẹ̀yìn tọ́bò, nínú páìpù tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, ni ibi tí ó tọ́. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu tọ́bò. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ yìí ń dámọ̀ràn, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, níwájú kátálíìsì. Bí ọkọ̀ náà bá ní fáàfù tí ń dá èéfín tí ó pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kọjá, kí sẹ́ńsọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, níbi tí èéfín ti dàpọ̀ tí ó sì ń ṣàn geere. Bí a bá sún un jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òtítọ́ tí yóò sọ yóò pẹ́ kí ó tó dé: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní 4,000 ni a ó máa kà nígbà tí ó ti kọjá 4,000, a ó sì ṣe àtúnṣe sí ibi tí kò ní àléébù.

Bí ó ti dúró nínú páìpù náà ṣe kókó. Nígbà tí pẹtiróòlù bá jó, omi a máa wà nínú èéfín rẹ̀. Gbogbo wa ni a sì ti rí i tí ó ń kán ní ẹnu sàlẹ́ńsà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tútù. Bí ìṣẹ́ omi kan bá bọ́ lu amọ̀ tí ó ti gbóná tó dígírì 780, yóò sán, kò sì sí àtúnṣe fún un. Nítorí náà a kì í fi sẹ́ńsọ̀ sí abẹ́ páìpù láé. Bí a bá fi ojú aago wo òbírí páìpù náà, àárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni kí ó wà, kí orí rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kí ó sì fi ó kéré tán dígírì 10 ga ju ìbú lọ, kí omi lè máa ṣàn kúrò lára rẹ̀.

Ajórinmọ́rin ni yóò jó ọrùn irin kékeré tí a ó yí sẹ́ńsọ̀ sí mọ́ ara páìpù. Kí ó tú wáyà bátìrì kí ó tó tan iná rẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kí ó má ṣe jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ gidi wà nínú ọrùn náà nígbà tí ó ń jó o. Sẹ́ńsọ̀ tí ó ti kú ni kí ó yí sí i, kí ojú ibi tí a ń yí náà má baà wọ́. Bí ọrùn náà bá ga jù, orí sẹ́ńsọ̀ yóò fara pamọ́ sínú rẹ̀ bí ìjàpá, kò ní kan èéfín tí ń kọjá. Ọrùn tí a jó láìdí ojú rẹ̀ tán burú ju àìsí ọrùn lọ. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Sílíkónì a máa pa sẹ́ńsọ̀, gẹ́gẹ́ bí òjé inú pẹtiróòlù ti ń pa á. Òpin dé bá pẹtiróòlù olójé fún ọkọ̀ ojú títì ní gbogbo àgbáyé ní ọdún 2021, nígbà tí Àlùjíríà dẹ́kun títà rẹ̀, ṣùgbọ́n epo àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan àti ti eré ìje kan ṣì ní in. Kí a ṣọ́ra fún tọ́bò tí ń jo òróró pẹ̀lú. Òróró náà yóò jó mọ́ orí sẹ́ńsọ̀.

Nísinsin yìí a dé orí àṣà kan tí ó wọ́pọ̀ ní ibi tí dáínò bá wà. Nítorí kí a má baà lu páìpù oníbàárà, wọ́n a máa ti ọ̀pá kan tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú rẹ̀ bọ ẹnu sàlẹ́ńsà. Ó yá, kò sì ná ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ń ba òtítọ́ rẹ̀ jẹ́. Èéfín náà ti kọjá nínú kátálíìsì, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti lo ọ́síjìn tí ó kù, tí a sì máa fi ọ́síjìn pamọ́ sínú ara rẹ̀ tí a tún máa tú u jáde. Èkejì ni pé afẹ́fẹ́ òde a máa wọ ẹnu páìpù padà, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ó bá di dandan kí a lò ó, kí a ti ọ̀pá náà wọlé jìnnà, kí a má sì gba ohun tí ó bá wí gbọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń jókòó jẹ́ẹ́. A ó lè lò ó láti mọ̀ bóyá ìyípadà wà láti àná sí òní. A kò lè fi í parí iṣẹ́ ọkọ̀ onítọ́bò.

Jíjò páìpù níwájú sẹ́ńsọ̀ ń ṣe irú ìbàjẹ́ kan náà. Ènìyàn lè rò pé bí páìpù bá jò, èéfín ni yóò máa jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èéfín kì í jáde bí omi ẹ̀rọ. Ó ń jáde ní ìlù-ìlù, láàárín ìlù kan sí èkejì ni afẹ́fẹ́ òde sì ń yọ́ wọlé. Sẹ́ńsọ̀ yóò rí ọ́síjìn yìí, yóò wí pé epo kéré, ẹni tí ń to ọkọ̀ yóò sì máa dá epo sí i. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti máa rú èéfín dúdú, tí púlọ́ọ̀gì yóò dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí epo yóò sì máa fọ òróró kúrò lára ògiri sílíńdà. Kí ẹ wo gásíkẹ́ẹ̀tì àti gbogbo ojú ìsopọ̀ kí ọkọ̀ tó gun ròlà; ẹ lè fi afẹ́fẹ́ sí páìpù nígbà tí ó tutù, kí ẹ sì fi omi ọṣẹ pa á, ibi tí ó bá hó ni ó ń jò.

Ìdẹkùn kan tún wà tí ó ti mú àwọn tí ó gbọ́n. Bí iná púlọ́ọ̀gì sílíńdà kan bá ń kùnà, epo rẹ̀ kò jó, ọ́síjìn rẹ̀ náà kò sì jó. Gbogbo rẹ̀ yóò tú sínú páìpù. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ epo tútù, ọ́síjìn ni ó mọ̀. Yóò kígbe pé epo kò tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé àpọ̀jù epo gan-an ni ó ń pa iná púlọ́ọ̀gì náà, tí a tún wá ń dá epo sí i, ẹ̀yin náà lè rí ibi tí ọ̀ràn yóò já sí. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ń já, ẹ fi nọ́ńbà sílẹ̀, kí ẹ tún iná ṣe ná. Bákan náà, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn tọ́bò àpapọ̀ ni ó ń kà. Sílíńdà kan lè máa pòùngbẹ nítorí ẹnu ìtú-epo tí ó dí, kí àpapọ̀ sì dára. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì fi ṣì ń tú púlọ́ọ̀gì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, a kò sì rò pé àṣà yìí ti di ti àtijọ́.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ lásán dán wò, ìta ni kí ẹ ti ṣe é, jìnnà sí èéfín àti agolo epo. Nínú búkà dáínò, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán mọ́. Ẹ má ṣe fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ nínú páìpù láìfún un ní iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí èédú yóò bò ó. Ẹ má sì ṣe fún un ní iná tipẹ́ kí ẹ tó ta ẹ́ńjìnnì, nítorí omi tí a ti sọ. Kí wáyà rẹ̀ jìnnà sí ara páìpù àti sí ròlà.

Fáànù tí ó dojú kọ ọkọ̀ kò tó. Èéfín ẹ́ńjìnnì ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ọkọ̀ onítọ́bò tí epo rẹ̀ pọ̀ sì ń tú púpọ̀ rẹ̀ jáde. Kí páìpù ńlá wà tí yóò máa fa èéfín jáde kúrò nínú ilé, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí orí bá ń fọ́ tàbí tí òòyì bá ń kọ́ jáde síta lójú ẹsẹ̀, kí a sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí a fi dè é.

Bí iṣẹ́ bá parí, tí oníbàárà kò sì fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ náà máa bá òun lọ, kí a tú u nígbà tí páìpù ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a yí ìdérí irin tí ó bá ojú ọrùn náà mu sí i, èyí tí í ṣe mìlímítà 18, kí a sì fún un pa. Kí a kọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà sórí ìwé agbára tí dáínò tẹ̀ jáde, kí ẹni tí yóò tún to ọkọ̀ náà ní ọdún mìíràn lè mọ ibi tí a ti ka àwọn nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀.